Úmúrà fún Àwẹ̀ró

Àárẹ̀ ló mú kí Muhsinah gbé ìwé náà, kì í ṣe ìfẹ́ ìwé kíkà. Láti òwúrọ̀ ló ti ń wo ọmọ aláìsàn ní ilé ìwòsàn tó ti ń ṣe dókítà ní Al-Baghdadiyah, nílùú Jẹ́dà. Lẹ́yìn iṣẹ́ ló wọkọ̀ wá sí Mẹ́kà, torí pé Àlàájà Roheemat ránṣẹ́ pè é pé ọkùnrin kan ń bọ̀ wá wò ó. Obìnrin tó ti lé ní ọmọ ọdún márùndínlógójì, tí ọkọ àkọ́kọ́ ti kọ̀ sílẹ̀ lórí fóònù, wọ́n tún ní kó wá jókòó kí wọ́n wò ó bí ẹni ń wo àgbò iléyá! Díẹ̀ ló kù kó má lọ. Ohun tó gbé e lọ ni pé kò sí oúnjẹ nílé rẹ̀, Àlàájà Roheemat sì mọ ọbẹ̀ sè.

Kudai ni Àlàájà Roheemat ń gbé, kì í sì í jáde kúrò ní Mẹ́kà. Ó wá ṣe Hájì lọ́dún kan, kò bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ padà, kò sì ní ìqámà, ìyẹn ìwé ìgbélùú, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ rí i ló ń tọ̀ ọ́ wá. Ó ń se oúnjẹ tà fún àwọn ará Nàìjíríà, ó ń gba àlejò sílé, ó sì ń ṣe alárinà. Iṣẹ́ kẹta yìí ló fẹ́ràn jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ kò lọ́kọ.

Igun yàrá rẹ̀ kún fún ẹrù tí àwọn àlàájì fi sílẹ̀ nígbà tí ẹrù wọn wúwo ju èyí tí ọkọ̀ òfuurufú gbà lọ: ìkòkò, bàtà, agolo mílíìkì, aṣọ ọmọdé. Inú ẹrù bẹ́ẹ̀ ni ìwé náà ti jáde. Àlàájà Roheemat ti fi dé abọ́ ata kí eṣinṣin má bàa bà lé e. Àwòrán ọmọbìnrin kan tó gbé kèrègbè wà níwájú ìwé náà, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ìtàn ayé àtijọ́ ni, fún àwọn ọ̀dọ́. Muhsinah yínmú. Ìwé ọmọ iléèwé! Ó ṣí i torí pé bátìrì fóònù rẹ̀ ti kú, ọkùnrin tí wọ́n ní ó ń bọ̀ sì ti pẹ́.

Ní ojú ewé àkọ́kọ́, ọmọ kan tí wọ́n ń pè ní Àwẹ̀ró ń bá bàbá rẹ̀ kúrò ní Ìlọrin. Wọ́n fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn dé Mẹ́kà, ọmọ náà kò sì wọ bàtà. Muhsinah ní òun á ka ojú ewé kan péré. Nígbà tí bàbá Àwẹ̀ró máa fi kú sí Kánò, tí ọmọ náà gbé kèrègbè bàbá rẹ̀, tó ní ibi tí bàbá òun ń lọ lòun náà ń lọ, Muhsinah ti bọ́ bàtà tirẹ̀, ó ti ká ẹsẹ̀ sórí ẹní, kò gbọ́ ìró ilẹ̀kùn mọ́.

"Muhsinah! Àlejò ti dé o!"

Muhsinah kò gbójú sókè. Ó kàn na ìka kan sókè, bí ọmọ tó ń bẹ olùkọ́.

"Ọmọ yìí á pa mí," Àlàájà Roheemat wí. "Ẹ má bínú, Ẹnjiníà. Kì í ṣe báyìí ló ṣe máa ń ṣe."

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, Àlàájà." Ohùn ọkùnrin náà lọ sílẹ̀ bí ohùn ẹni tí kò sùn dáadáa. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n parí ojú ewé yẹn. Èmi náà ò lágbára àtikí èèyàn báyìí. Ẹ jẹ́ kí n jókòó ná."

Ó rọra jókòó, ó na ẹsẹ̀ òsì, orúnkún rẹ̀ sì dún. Nígbà tí Muhsinah gbójú sókè níkẹyìn, ọkùnrin gíga kan ló rí, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun, ẹ̀wù rẹ̀ rún. Ojú ti Muhsinah. Ó ti ìwé náà sábẹ́ ìborùn rẹ̀.

"Ṣé ó ti dé?" ọkùnrin náà bi í.

"Ta ni?"

"Ẹni tí ẹ ń bá lọ nínú ìwé yẹn. Ojú yín jọ ojú ẹni tó wà lọ́nà."

"Kò tíì dé," Muhsinah dáhùn. "Ọ̀nà ṣì jìn."

"Ọ̀nà máa ń jìn," ọkùnrin náà wí, ó sì mi orí.

Àwọn kan ti wá wo Muhsinah ṣáájú. Ọ̀kan ní ojú rẹ̀ dà bí òṣùpá, ọ̀kan béèrè iye tí dókítà ń gbà lóṣù. Èyí kò sọ̀kankan nínú méjèèjì. Ó dúró kó parí ojú ewé. Ẹni tí àárẹ̀ bá ti mú dé egungun nìkan ló mọ̀ pé irú sùúrù bẹ́ẹ̀ ju ọ̀rọ̀ dídùn lọ.

Saifullah lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìwó. Ẹnjiníà ni níbi tí wọ́n ti ń sọ omi òkun di omi mímu ní Jẹ́dà. Ìyàwó rẹ̀ ti kú nílé, kì í sì í sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ púpọ̀. Orí kọ́ńtíráàtì ló ti ń ṣiṣẹ́, kọ́ńtíráàtì náà kò sì ní pẹ́ parí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ọkọ àkọ́kọ́ Muhsinah náà, kọ́ńtíráàtì ló bá dé. Nígbà tó parí, ó ní òun ń lọ tún ilé ṣe ní Nàìjíríà, òun á ránṣẹ́ pe ìyàwó òun. Iṣẹ́ tó rán kò ju ohùn kan lórí fóònù lọ, tó ní òun ti kọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ náà ni Àlàájì Hàrúnà, bàbá Muhsinah, tó ń gbé ní Tandabawi nílùú Mẹ́kà, ti búra pé ọmọ òun kò ní fẹ́ oníkọ́ńtíráàtì mọ́ láyé.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Lẹ́yìn àdúrà ìrọ̀lẹ́, Saifullah á wá sí Al-Baghdadiyah, àwọn méjèèjì á jókòó síta níwájú ilé ìtajà kan, ní ojú gbogbo ayé, wọn á máa mu ṣáyì, tíì gbígbóná.

"Kí ló rẹ̀ ẹ́ lónìí?" Saifullah á bi í.

"Gbogbo nǹkan."

"Èmi náà."

Wọn á rẹ́rìn-ín. Ìfẹ́ àwọn ọmọdé máa ń sáré, tiwọn ń rìn, ó ń jókòó sinmi lójú ọ̀nà. Ìgbà kan ni Saifullah bèèrè ìwé ọjọ́ yẹn. Muhsinah ní òun ti dá a padà. Irọ́ ni. Ìwé náà wà nínú báàgì rẹ̀, ó ń rùn ata. Ṣùgbọ́n báwo ni odidi dókítà ṣe máa sọ fún ọkùnrin pé ìwé àwọn ọmọ iléèwé lòun ń fi ìsinmi òun kà, pé òun ń dín in kà díẹ̀díẹ̀ kó má bàa tán?

Nínú ìwé náà, Àwẹ̀ró ti dé Sùúdáànì. Ó ń ṣa òwú nínú oko olóko kó lè rí owó ọkọ̀ ojú omi. Ibẹ̀ ló ti pàdé Sàká, ọmọ Yorùbá bíi tirẹ̀. Sàká fẹ́ ẹ. Ó ní òun á kọ́kọ́ sọdá sí Jẹ́dà, òun á wá ibùgbé, òun á sì máa dúró dè é ní èbúté. Muhsinah ka ibẹ̀, inú bí i. Ó mọ ọkùnrin tó ń lọ ṣíwájú. Ṣùgbọ́n Sàká kì í ṣe ẹni burúkú, ìyẹn ló wá dun Muhsinah jù.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ní àkókò ìsinmi ní ilé ìwòsàn, Muhsinah dé ibi tí Àwẹ̀ró wọ ọkọ̀. Ibà ti mú un. Ó rí àwọn ilé funfun Jẹ́dà lókèèrè. Ó bèèrè omi, wọ́n fún un mu nínú kèrègbè bàbá rẹ̀, ó sì kú kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀. Inú òkun ni wọ́n sin ín sí. Ní èbúté, Sàká ń wo ojú àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni ìwé náà parí sí.

Muhsinah wo ojú fèrèsé. Òkun náà kò jìnnà síbi tó jókòó sí. Ó bú sẹ́kún. Ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ kọ̀ ọ́, kò sunkún, ó wọ aṣọ iṣẹ́ ni. Ní ọ̀sán yìí, ẹkún náà ń bọ̀ láti ibi tí òun alára kò mọ̀. Taghreed, nọ́ọ̀sì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, sáré wọlé, ó fi Lárúbáwá bi í ta ló kú.

"Ẹnì kan láti ilé wa," Muhsinah wí.

Nígbà tí Saifullah dé ibi tí wọ́n ti ń mu ṣáyì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ojú Muhsinah ṣì pọ́n.

"Ta ló kú?"

"Àwẹ̀ró."

Saifullah gbé ife ṣáyì kalẹ̀. "Kí Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ wọn. Ṣé wọ́n dàgbà?"

"Kò dàgbà. Ó fẹ́ dé Mẹ́kà gan-an, kò dé."

Lẹ́yìn náà ni Saifullah ní, "Mi ò mọ̀ bóyá ọjọ́ tó yẹ ká sọ ọ́ nìyí. Mo fẹ́ lọ bá Bàbá. Kí n tó lọ, sọ ohun tí o fẹ́ kí n fún ọ ní sàdáàkì ìgbéyàwó wa."

Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu Muhsinah kó tó rò ó. "Mi ò fẹ́ wúrà. Bá mi ṣe úmúrà fún Àwẹ̀ró."

"Ó dáa. Màá ṣe é."

Kò bèèrè bóyá àbúrò ni tàbí ẹ̀gbọ́n, ilé ìyá tàbí ilé bàbá. Ẹni tó ní òkú tirẹ̀ kì í tú òkú ẹlòmíì wò. Muhsinah la ẹnu láti ṣàlàyé, ó tún pa á dé. Ìtìjú wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun míì tún wà níbẹ̀: ó fẹ́ kí ẹnì kan bá ọmọ náà dé ibẹ̀, lóòótọ́ lóòótọ́, pẹ̀lú ẹsẹ̀. Ó ní òun á sọ fún un lọ́la. Ọ̀la dé, iṣẹ́ pọ̀.

Bí ẹ bá mọ iṣẹ́ Àlàájì Hàrúnà, ẹ ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò lè fara pamọ́. Àwọn ará Nàìjíríà tí èèyàn wọn ti kú láìrí Mẹ́kà ló máa ń ránṣẹ́ sí i. Á wá ẹni tó máa ṣe úmúrà lórúkọ òkú náà, á sì ṣe àdúà. Orúkọ òkú mọ́ ọn lára ju orúkọ alààyè lọ. Tẹ́lẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é. Nísinsìnyí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wú. Muhsinah ra àga oníkẹ̀kẹ́ fún un, ṣùgbọ́n bàbá náà gbé e sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó ń kó aṣọ lé e lórí.

Àwọn mẹ́ta ni wọ́n jókòó síwájú rẹ̀ lọ́jọ́ tí Saifullah wá tọrọ Muhsinah: Saifullah nínú agbádá tí ó lọ̀ dáadáa, Muhsinah, àti Àlàájà Roheemat tó ti ń rẹ́rìn-ín kó tó wọlé.

"Ẹnjiníà," Àlàájì Hàrúnà wí, "kọ́ńtíráàtì yín, ìgbà wo ló ń parí?"

"Lẹ́yìn ààwẹ̀, Bàbá."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Mi ò tíì mọ̀, Bàbá. Mi ò ní purọ́ fún yín."

"Ẹni àkọ́kọ́ náà ò purọ́. Ó kàn lọ ni."

"Àlàájì, ìka ò dọ́gba o," Àlàájà Roheemat dá sí i.

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Àlàájà, ẹ jẹ́ kí n sá."

Saifullah rí i pé ilẹ̀kùn ń tì. Ó wá mú ohun tó ti fi pamọ́ jáde. "Bàbá, mi ò wá lọ́wọ́ òfo. Mo ti ṣe ohun tí Muhsinah ní òun fẹ́ ní sàdáàkì. Ó ní òun ò fẹ́ wúrà. Ó ní kí n ṣe úmúrà fún Àwẹ̀ró, èèyàn yín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Mo ti ṣe é."

Ojú Àlàájì Hàrúnà yípadà. "Àwẹ̀ró wo?"

Saifullah wo Muhsinah. Àlàájà Roheemat wo Muhsinah.

"Àwẹ̀ró wo nínú ilé wa?" bàbá rẹ̀ tún bèèrè. "Ta ló kú tí n kò gbọ́?"

"Inú ìwé ni, Bàbá."

"Ìwé wo?"

Ó mú un jáde nínú báàgì. Òórùn ata gba yàrá.

"Ìdérí abọ́ ata mi nìyẹn!" Àlàájà Roheemat pariwo. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá a!"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àlàájì Hàrúnà yí ìwé náà síwá sẹ́yìn, ó ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán. "Fún àwọn ọ̀dọ́," ó wí. "Muhsinah. O rán ọmọ ọlọ́mọ lọ sí Ilé Ọlọ́run fún ẹni tí wọn ò bí rí?"

"Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́, Bàbá. Ọlọ́run gbọ́, mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ìwé ọjọ́ àkọ́kọ́ ni," Saifullah wí. Ó ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀. "O ní o ti dá a padà." Ó yíjú sí i. "Mo sunkún fún un. Orúnkún mi ń dùn mí bí mo ṣe ń rìn lọ rìn bọ̀ láàárín Sàfá àti Máríwà, mo ní kò burú, Àwẹ̀ró ò rí ẹsẹ̀ gbé dé ibí. Mo ṣe àdúà fún ìyá tó bí i. Ó yẹ kí o sọ fún mi."

"Ojú ló ń tì mí."

"Ojú tì ọ́ láti sọ ọ́, kò tì ọ́ láti rán mi."

Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ fún Àlàájì Hàrúnà pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún yẹn, ó sì lọ sí ẹnu ọ̀nà. Bàbá náà pè é padà, kì í ṣe láti dá a dúró.

"Úmúrà yẹn, tìẹ ni. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó ṣòfò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe sàdáàkì, kò sì sí ìgbéyàwó níbí. Ẹ máa lọ, gbogbo yín. Ó ti rẹ̀ mí."

Lẹ́yìn ìyẹn, fóònù dákẹ́. Muhsinah ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń bọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, á gba iwájú ilé ìtajà ṣáyì kọjá láìwo ẹ̀gbẹ́. Ó fẹ́ràn Saifullah. Ó ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ń ṣe bí ẹni pé kò mọ̀, kó má bàa dùn ún bó bá lọ. Ní báyìí ó ti lọ, ó sì ń dùn ún náà. Kí làǹfààní ọgbọ́n yẹn? Ó bínú sí ara rẹ̀, ó bínú sí ìwé, ó tilẹ̀ bínú sí Àwẹ̀ró tó kú. Ààwẹ̀ wọlé, kọ́ńtíráàtì ọkùnrin náà sì ń tán lọ.

Ó dá ìwé náà padà sí Kudai.

"Ìwọ!" Àlàájà Roheemat wí fún un. "Dókítà gbogbo ayé! Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe alárinà, mo ti rí ẹni tí ìyálé ba ìgbéyàwó jẹ́ fún, mo ti rí ẹni tí gbèsè bà á jẹ́ fún. Mi ò rí ẹni tí ìwé ọmọdé bà á jẹ́ fún rí." Ó sì fi ìwé náà dé abọ́ ata.

Orí abọ́ náà ni Saifullah ti rí i nígbà tó wá dágbére fún Àlàájà Roheemat. Ó ti ń di ẹrù. Ó ní òun kò ní pẹ́. Ó gbé ìwé náà, ó ní òun kàn fẹ́ wo ojú ẹni tó tan òun jẹ. Àlàájà Roheemat lọ bu oúnjẹ ìṣínu wá, nígbà tó padà, ọkùnrin náà ti na ẹsẹ̀ sórí ẹní. Ọbẹ̀ tutù. Àlàájà tún gbé e kaná, ó tún tutù. Ní wákàtí díẹ̀ sí i, ohùn Àlàájà Roheemat wọlé sórí fóònù Muhsinah ní Jẹ́dà.

"Muhsinah, ọkùnrin yìí ò jẹun o. Dàbínù kan péré ló fi ṣínu. Mo bá a sọ̀rọ̀, ó na ìka kan sókè, bí ìwọ náà ṣe ṣe lọ́jọ́sí. Kí ni wọ́n fi sínú ìwé yìí gan-an? Wállàhi, ẹ̀rù ń bà mí kí n ṣí i."

Muhsinah gbọ́ ohùn náà lẹ́ẹ̀kan, ó tún gbọ́ ọ. Ó dúró kí Saifullah pè. Kò pè. Ó gbọ́ lẹ́yìn náà pé ó ti gbé ìwé náà lọ kúrò ní Kudai. Muhsinah rò pé bóyá ó ti lọ sọ ọ́ nù.

Ní ìparí ààwẹ̀, bàbá rẹ̀ pè é. "Máa bọ̀. Mú Àlàájà lọ́wọ́ bí o bá ń bọ̀." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Muhsinah rò pé ẹjọ́ ló kù, ó sì gbà pé ó tọ́ sí òun. Nígbà tí òun àti Àlàájà Roheemat wọ yàrá náà ní Tandabawi, Saifullah ló kọ́kọ́ rí, tó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga bàbá rẹ̀. Ìwé náà wà lórí itan Àlàájì Hàrúnà. Ìgò ojú rẹ̀ wà lórí ìwé.

"Sàká yẹn," Àlàájì Hàrúnà wí, kò tilẹ̀ dáhùn ìkíni wọn, "òmùgọ̀ ni."

Àlàájà Roheemat ní, "Sàká wo tún ni?"

"Kí ló ń sáré ṣíwájú fún? Kí ló dé tí kò mú ọmọ náà lọ́wọ́ dání? Ó ní òun ń lọ wá ibùgbé! Ta ló bèèrè ibùgbé lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Ohun tí mo wá bá Bàbá sọ nìyẹn," Saifullah wí. "Bàbá bi mí lọ́jọ́sí pé bí kọ́ńtíráàtì mi bá parí ńkọ́, mi ò rí èsì fọ̀. Mo ti rí i. Mi ò ní ṣíwájú Muhsinah lọ síbì kankan láti lọ tún ilé ṣe. Bí a bá máa lọ, ọkọ̀ kan náà la máa wọ̀. Bí kò bá lè lọ, màá jókòó tì í, màá wá iṣẹ́ míì." Ó wá yíjú sí Muhsinah. "Mo bínú sí ọ. Kò tíì tán pátápátá. Ṣùgbọ́n bí o bá ti sọ fún mi lọ́jọ́ náà, ǹ bá rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn tí mo bá rẹ́rìn-ín tán, ǹ bá lọ ṣe úmúrà náà."

Omi lé sójú Muhsinah. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ló lè sọ.

Àlàájì Hàrúnà kò wo ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ìwé.

"Bàbá mi ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan," ó wí. "Ó bá ọkọ rẹ̀ kúrò nílé kí wọ́n tó bí mi. Wọ́n ní Mẹ́kà ni wọ́n ń rìn lọ. Ẹnikẹ́ni ò gbúròó wọn mọ́. Bí a bá bi ìyá bàbá mi, á ní, 'Ó wà lọ́nà.' Títí tí ìyá náà fi kú, ó wà lọ́nà. Nígbà tí èmi dé ibí, mo bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà àdúgbò yìí, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Mo ti rán èèyàn lọ fún òkú Ìlọrin, òkú Ìbàdàn, òkú gbogbo ìlú. Mi ò rán ẹnì kankan lọ fún un rí. Bí mo bá rán èèyàn, a jẹ́ pé mo ti gbà pé ó kú." Ó bọ́ fìlà, ó fi nu ojú. "Ó ti rẹ̀ mí láti máa retí rẹ̀."

Muhsinah kò gbọ́ ìtàn yìí rí láyé rẹ̀. Ó wo bàbá rẹ̀, ó wá rí i pé arúgbó ni.

"Kí lorúkọ wọn, Bàbá?" Saifullah bèèrè jẹ́jẹ́.

"A ò mọ̀ ọ́n. Wọn kì í dárúkọ rẹ̀ nílé wa, nítorí ìyá rẹ̀." Ó gbé ìgò ojú kúrò lórí ìwé, ó wo ọmọbìnrin tó gbé kèrègbè. "Ọlọ́run mọ̀ ọ́n. Èmi á máa pè é ní Àwẹ̀ró."

"Ìgbà wo ni kí n lọ?"

"Ta ló ní kí o lọ? Ṣé ìwọ lẹ̀jẹ̀ rẹ̀? Èmi ni mo ń lọ."

Gbogbo wọn wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú lórí tìmùtìmù. Lẹ́yìn náà wọ́n wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, níbi tí àga oníkẹ̀kẹ́ wà lábẹ́ òkìtì aṣọ.

"Bàbá," Muhsinah wí, "ẹ ní tàkọ́kọ́ yẹn kì í ṣe sàdáàkì."

"Mo ní bẹ́ẹ̀."

"Mo ti mọ èyí tí mo fẹ́ báyìí." Ó nawọ́ sí Saifullah. "Kó ti kẹ̀kẹ́ yín dé Ilé Ọlọ́run."

Àlàájà Roheemat fẹ́ pariwo ayọ̀, ó fi ìborùn bo ẹnu ara rẹ̀. Àlàájì Hàrúnà wo Saifullah láti òkè délẹ̀, bí ẹni pé ìgbà àkọ́kọ́ tó rí i nìyẹn.

"Orúnkún rẹ ńkọ́?"

"Ó ń dùn mí, Bàbá."

"Tèmi náà ń dùn mí. Kó aṣọ yẹn kúrò lórí kẹ̀kẹ́."

Saifullah dìde, ó tiro lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká àwọn aṣọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan.